Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Ìyá Mi Ni N Ó Gbé Kọ́ Ògiri

Ìgèdè-Èkìtì,
Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, 1998.

Moyinolúwa ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé ooru Èkó kò mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé kò ní fi ẹni tó wà lẹ́yìn odi sílẹ̀, àárín àwọn tí o kò mọ̀ ni wọn yóò ti máa ṣe ọ́ lóore. Àwa náà wà. Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní ojú ẹni tí inú ń bí, òun ni mo fẹ́ràn jù nítorí ó bá mi mu lásìkò yìí.

Inú ń bí mi, Moyin. Bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, ìbínú ni, kì í ṣe pé mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ mi ní sẹ́kọ́ńdìrì.

O mọ̀ pé àwọn ará ilé Olúwaṣeun àfẹ́sọ́nà rẹ fẹ́ wá mọ̀ wá, mo sì ti ní Ìjàn ni a ó ti gbà wọ́n, nínú agboolé bàbá tó bí mi. Mo lọ sọ fún wọn ní Ìjàn. Ọlátúbọ̀sún, ọmọ àbúrò bàbá mi, wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní agboolé ti ta ni. Ó ní Ìgèdè ni wọ́n ti tọ́ mi, orúkọ ọkọ ìyá mi ni mo fi lọ sílé ìwé, kí n lọ gba àna mi ní Ìgèdè. Ó ní ta ló mọ iye oyún tí àwọn obìnrin gbé kọ́ ṣọ́jà lọ́rùn láyé ìgbà náà. Ojú àwọn ọmọdé ló ti sọ ọ́.

Ìwọ náà ti gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn yìí. Bàbá mi Ayọ̀kúnlé lọ jagun Bọ́ma, ó dé, ó fẹ́ Sẹ̀gilọlá ìyá mi, ìyá mi kọ̀ ọ́ ní kóòtù kí n tó wáyé, ó sì lọ fẹ́ bàbá Ìgèdè tó tọ́ mi. Gbogbo wọn ti sùn, ta ni n ó bi? N ó sọ òótọ́ fún ọ, má sọ fún ìyá rẹ: mo wo ara mi nínú dígí títí, mo ń wá imú ará Ìjàn, n kò sì dá a mọ̀.

Ìwọ lo ní kí n kọ̀wé sí àwọn ológun, pé wọ́n máa ń tọ́jú orúkọ. Mo kọ̀wé, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n lẹ fọ́tò mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kò ya fọ́tò rí. Mo bá dé fìlà, mo dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà, mo ya ti ara mi lọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Òkè-Ìlá ní Adó, mo fi ránṣẹ́. Wọn kò dá a padà. Mo sọ fún Ọlátúbọ̀sún pé àwọn tó ń dá ojú ọ̀tá mọ̀ lókèèrè kò ní gba ojú ẹlòmíràn bí ojú bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tí èsì dé, ẹ̀rín rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Ayọ̀kúnlé wọṣẹ́ ogun, ó ní ará Adó ni òun, òun kò níyàwó, òun kò sì lọ́mọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀rọ tí ẹ ní ó mọ gbogbo nǹkan, kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ogun dé ó sì fẹ́yàwó. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan tó lè lọ sọ fún un?

Mo wá rò ó pé ẹni tí ìyàwó kọ̀, ó níyàwó rí. Ìkọ̀sílẹ̀ tí mo ń fi pamọ́ láti kékeré, òun náà ni mo wá ń sáré wá kiri. Ní kóòtù Adó, wọ́n ní àwọn ìwé àtijọ́ ṣì wà ní Àkúrẹ́, láti ìgbà tí àwa àti Òǹdó jọ jẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga, wọn kò rántí pín ìyá mi. Kí ni Òǹdó fẹ́ fi ìkọ̀sílẹ̀ ìyá mi ṣe? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àkúrẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Akọ̀wé obìnrin tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá ní kí n jókòó ná, kí n mumi.

Ó wá ìwé náà rí. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ fótókọ́pì, iná kọ yẹ̀rì lábẹ́ rẹ̀, mo dìde, mo ní kó má fi iná jó ìtẹ̀ka bàbá mi kúrò lára ìwé. Kò jó o. Ìtẹ̀ka náà wà níbẹ̀, ó fẹ̀.

Nínú ìwé náà, ìyá mi ló sọ fún kóòtù pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkọ òun á máa pariwo, á wọ́ òun sábẹ́ ibùsùn, á ní ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun nítorí oyún. Wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Bàbá Ìgèdè gbé owó orí wá láti san án padà, adájọ́ ní kí bàbá mi gbà á. Ohun tó sọ nìyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́: “Ẹ jẹ́ kó máa lọ, èmi náà ń ba ara mi lẹ́rù. Ṣùgbọ́n n kò gba owó. Èmi ni mo ni ọmọ inú rẹ̀.”

O mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ wa: ẹni tó gba owó orí padà ti jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò gbà á ló ni ọmọ. Èmi ni ọmọ náà, Moyin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọba máa kọ mí sílẹ̀ nìyẹn, oyún ni wọ́n pè mí.

Mo gbé e lọ sí Ìjàn. Bàbá Ọláyíwọlá, àgbà agboolé, ní Ọlátúbọ̀sún fúnra rẹ̀ ni kó kà á sí etí gbogbo ilé. Nígbà tó dé ibi owó, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bàbá ní kó gbé e sókè. Lẹ́yìn náà bàbá ní, “Ọmọ ulé ni,” ó sì béèrè ẹni tí yóò gbá iwájú ilé lọ́jọ́ tí àwọn àna bá ń bọ̀. Ọlátúbọ̀sún ní òun ni.

Ó yẹ kí inú mi ti rọ̀, àmọ́ kò rọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo rò pé ọkùnrin yẹn kò fẹ́ mi. Kò sí ẹnì kan tó sọ fún mi. Àbí èmi ni kò béèrè?

Ìyá rẹ ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí Kristẹni ń gbé kọ́ pálọ̀. N ó gbé e kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, kí wọ́n jọ máa wo ara wọn. Nítorí náà fi owó férémù onídígí ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ Ìjàn, àti ti àga tí a ó háyà. Fi owó sítáǹpù kún un, kí n kọ̀wé sí àwọn ológun kí wọ́n pa “kò lọ́mọ” rẹ́. Fi fọ́tò tìrẹ náà ránṣẹ́, kí wọ́n rí i pé ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Ọkùnrin tí yóò gba owó padà lórí rẹ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó mọ ọ̀nà ilé wa. Èyí tí yóò mọ iyì rẹ, tí yóò sì máa sùn wọra, òun ni yóò jẹ́ tìrẹ. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlátúndé, ọmọ Ayọ̀kúnlé, ará Ìjàn.