Màámi, Àròyé Àwọn Ọlọ́géèmù Ni Mo Ń Kà ní Apákun, N Kò Ṣe Yàhúù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Máfọ̀lúkù níbí. Mo kí Bàámi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n yé dààmú. Mo kí gbogbo àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n máa ń bá yín jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó ka ìwé yìí sí wọn létí. Ẹ kà á sókè dáadáa. Torí kí wọ́n lè gbọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sí gbangba.

Mo kí Bọ̀dá Délé, àbúrò yín, lọ́tọ̀. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń bi àwọn èèyàn pé irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wo ni ọmọbìnrin tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì di ṣọ́ọ̀kì mú, ń ṣe ní Èkó tó fi ń san owó ilé. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe yàhúù, àbúrò yàhúù ni. Ẹ̀yin ò bú mi, Màámi. Ẹ kàn pè mí, ẹ bi mí bóyá mo ṣì ń gbàdúrà. Ìbéèrè yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wí iṣẹ́ náà bó ṣe rí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Apákun, lókè àwọn tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù létí títì. Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Géèmù kan wà, géèmù ọjọ́ pípẹ́, tó ti jáde láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá ń ṣe é yóò di akọni nínú rẹ̀. Yóò máa rìn láti ìlú dé ìlú, yóò máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò máa jagun, agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bó ti ń lọ. Àwọn tó ni ín wá gbé e jáde padà. Wọ́n tún un kùn, wọ́n fún un ní ojú tuntun àti ohùn tuntun, wọ́n sì tún un tà. Àwọn tó rà á ń kọ èrò wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka èrò náà, kí n yọ èébú kúrò, kí n ṣa ìyókù jọ fún àwọn ọ̀gá. Bí ẹ ṣe máa ń fi bírò pupa ka àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì yín náà ni. Àmọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín ní ọpọlọ.

Màámi, n kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè yẹpẹrẹ tó báyìí. Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n, tó ní ìyàwó, kọ ọ́ pé ewé inú géèmù tuntun yìí kò tutù bí ewé ìgbà èwe òun. Ó kọ ọ́ títí mo fi jẹ ẹ̀wà mi tán, mo fọ abọ́, mo padà dé, kò tíì parí. Òmíràn ní ẹṣin inú rẹ̀ ti ń sáré geerege jù. Ní ti àtijọ́, ẹṣin náà máa ń tiro bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ìyẹn gan-an lòun sì fẹ́ràn. Ẹnì kan ṣépè fún gbogbo ìran ẹni tó yí ohùn onílé-ọtí inú géèmù náà padà. Bí wọ́n bá ká páànù tó ń jò kúrò lórí ilé yín, tí wọ́n fi tuntun sí i, ṣé ẹ ó máa sunkún pé ẹ ò gbọ́ ìró omi nínú báàfù mọ́?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn ò tilẹ̀ bínú sí géèmù, ọmọnìkejì wọn ni wọ́n ń bínú sí. Géèmù náà ní ọ̀nà líle, ó sì ní ọ̀nà ẹ̀rọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀rọ̀ dànù. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ní yàrá ìyá rẹ̀ ló ń sọ fún aráyé pé ìyà dára fún ọmọ èèyàn. Àwọn oníyìn náà ò sì sàn ju wọ́n lọ. Wọ́n ti ń yìn ín kí wọ́n tó rí i, wọ́n sì ń bú ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn tó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, àwọn náà kì í dìde nídìí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń jókòó ka ìwọ̀nyí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì tutù débi pé aṣọ òtútù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni mo máa ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ìta ń gbóná bí ààrò. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Máfọ̀lúkù, gbogbo wa á gbé bàtà wa lé ojú fèrèsé. Ọkọ̀ òfurufú á kọjá, òrùlé á gbọ̀n. N kì í rí ẹni bá jẹun. Mo lè ti ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí n má bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀. Kẹ́mi nìkan, tí a jọ ń jókòó sí tábìlì kan, ló máa ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan kọ̀wé wá. Ó ní òun ṣe géèmù yìí nígbà tí ojú òun dára, òun gbádùn rẹ̀, inú òun sì dùn pé ó tún padà. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ báyìí kéré bí ẹyin èèrà, òun ò sì mọ ohun tí àwọn ará ìlú ń bá òun sọ. Ó ní ṣé wọ́n lè jọ̀wọ́ bá òun sọ ọ́ di ńlá díẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé jọ̀wọ́.

Wọ́n bò ó bí eṣinṣin. Wọ́n ní kí ó lọ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, kí ó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé wọn ò ṣe géèmù fún afọ́jú. Onírùngbọ̀n ewé tútù náà wà níbẹ̀, òun ló ń rẹ́rìn-ín jù. Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mìíràn ti ń wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà, wọ́n ń sọ pé ojú ń dun àwọn náà, ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn wí.

Ìyẹn ló dẹ́rù ba àwọn ọ̀gá. Màdáàmù tó jẹ́ olórí wa pè wá jọ. Ó ní kí a yọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà kúrò, nítorí bí àwọn tó fẹ́ ra géèmù bá rí i, ọjà máa bàjẹ́. Ó wá pín orúkọ fún wa. Olúkúlùkù yóò jẹ́ ẹlòmíràn, yóò sì kọ̀wé bí ẹni tó ti ń ṣe géèmù náà láti ìgbà pípẹ́, pé òun ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kedere. Èmi, Màámi, wọ́n ní kí n jẹ́ ọkùnrin òyìnbó kan tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Bẹ́ẹ̀, n kò fọwọ́ kan géèmù náà rí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣe é rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é kò sí ní ọ́fíìsì.

Màdáàmù rí ojú mi. Ó ní, "Bọ́láńlé, ẹ̀tàn kọ́ o. Ìpolówó ni."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Bọ́láńlé lorúkọ mi. N ò mọ ọkùnrin yẹn."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá tọ̀ sára, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kẹ́mi kọ tirẹ̀ kíákíá. Ó kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú, ó tilẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nípa àwọn arúgbó kún un. Ní àkókò oúnjẹ, ó bá mi wí: ó ní àwọn yẹn ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ wọ́n, ta la wá rẹ́ jẹ? Ó ní ọmọ òun máa jẹun lálẹ́. Mo mọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá oúnjẹ tó bù fún mi lọ́jọ́ náà padà sínú abọ́ rẹ̀.

N kò yọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ọ̀nà kan wà tí a máa ń gbà fi àléébù géèmù ránṣẹ́ tààrà sí àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní òkè òkun. Ibẹ̀ ni mo gbà. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, mo fi ti àwọn tó bá a dá sí i tẹ̀ lé e, mo kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àléébù gidi ni, kì í ṣe èébú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Màdáàmù ti mọ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Mo kó ife tíì mi àti aṣọ òtútù yín sínú ọ̀rá, mo sọ̀kalẹ̀. Mo dúró létí títì ní Apákun. Ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lórí mi, mo sì fi ojú burúkú wò ó títí tó fi lọ, àfi bí ẹni pé òun ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà náà ni mo tó sunkún, àmọ́ kò pẹ́.

Nítorí náà, ẹ sọ fún Bọ̀dá Délé pé wọ́n gbìyànjú. Yàhúù tí wọ́n ń bẹ̀rù, inú ilé tó ní pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ló wà, ẹni tó wọ kóòtù ló ń kọ́ni, ìpolówó ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi lọ̀ mí, n ò gbà. Bí Bọ̀dá Délé bá tún fẹ́ dìde lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n dìde sọ ìyẹn.

Ẹ má kọ́kàn sókè. Ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ yóò kéré díẹ̀ ná, àmọ́ ebi ò pa mí. Mo ń bá ìyá kan ará Oǹdó ta ànkárá ní ọjà Aṣwánì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà náà máa ń kún jù. Oníbàárà á mú aṣọ, á fà á wò, á ní ó ti ṣá, á wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Màámi, ẹ ò lè mọ bí ó ṣe ń tù mí lára tó.

Nípa ti géèmù, àwọn tó ṣe é ti tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ báyìí lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ńlá. Wọ́n kéde rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ronú kàn án. Wọn ò dárúkọ obìnrin náà, ká má tilẹ̀ wá sọ tèmi. Kẹ́mi ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Àwọn tó ń fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà ti wá ń yin àwọn aláṣẹ pé wọ́n láàánú. Onírùngbọ̀n wa ní òun ti ń lò ó, pé ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wá tóbi jù, kò jẹ́ kí òun rí ewé dáadáa. Mo dá fóònù Kẹ́mi padà fún un.

Bọ̀dá Gbénga, tí a jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, ní ẹ̀rọ géèmù nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òun àti ìyàwó rẹ̀ pè mí wọlé. Kí n tó jókòó, ó ti ń sọ fún mi pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n má dá a lóhùn, pé ní ti àtijọ́ yẹn, kò sọdá afárá àkọ́kọ́ rí. Ó bínú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣe é wò.

Mo gba ọ̀nà ẹ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ńlá. Mo bá ara mi ní ìlú kékeré kan tí òjò ń rọ̀ sí. Ogun wà níwájú, Bọ̀dá Gbénga ń tọ́ka ibi tó yẹ kí n gbà, àmọ́ ìyá àgbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní ewúrẹ́ òun sọnù. Mo fi ogun sílẹ̀. Mo wá ewúrẹ́ náà kiri inú oko, mo wá a létí odò, Bọ̀dá Gbénga ń mí kanlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i, tí mo dá a padà, ìyá náà ní kí n wọlé wá yáná. Iná wà ní ààrò rẹ̀, a ń gbọ́ òjò lórí òrùlé. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ́, n ò ṣe nǹkan kan.

Kí n tó dìde, mo bẹ Bọ̀dá Gbénga kí ó jẹ́ kí n kọ èrò tèmi síbi tí gbogbo wọn ń kọ ọ́ sí. Mo kọ orúkọ tí ẹ̀yin àti Bàámi sọ mí, ní kíkún, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Géèmù yìí dára. Àwọn tó ń fi í ṣeré ni kò dára." Wọ́n ti ń bú mi láti ìgbà náà. Mo ń kà á, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Màámi, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ojú yín kò ní ṣókùnkùn, etí Bàámi kò ní di. Ẹni tó ń fẹ́ wa ní ire, kó rí ire. Ẹni tí kò fẹ́, kí Ọlọ́run fún un ní iṣẹ́ tí yóò gba àkókò rẹ̀. Ẹ kí ìjọ, ẹ kí àwọn aládùúgbò, ẹ kí Bọ̀dá Délé ní àkànṣe.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́láńlé.