Ẹ̀rọ Tó Kí Yín Tí Kò Dúró Gbọ́ Ìdáhùn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbíjàn. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Gàníyù àti gbogbo ará ilé wa ní Èjìgbò.

Òjò ni ṣáá níbí. Bó bá ti ṣú, kò sẹ́ni tí ń ra abọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Èmi a jókòó sáàárín ìkòkò ọjà mi, oorun a máa gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n à ń jẹun.

Bọ̀dá Gàníyù pè mí. Wọ́n ní ẹ ti yọ Ṣàkírátù ọmọ mi kúrò ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ lọ mú un níbẹ̀, ni fóònù fífẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn bá kí yín pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ dáhùn, ẹ béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó sì kàn ń ka A, B, D rẹ̀ lọ. Ẹ ní ohun tí kò dá àgbà lóhùn kò lè kọ́ ọmọ yín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ni ì bá tún béèrè òbí lọ́wọ́ ẹ̀rọ, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Faransé nìkan ni Ṣàkírátù gbọ́ nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, tíṣà ilé-ìwé kò ráyè tirẹ̀. Fóònù yẹn ló ń fi sùúrù pe ọ̀rọ̀ fún un. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di àjèjì nínú ilé tiwa.

Lánàá, òjò ń rọ̀, mo tòògbé. Mo rí ara mi lọ́nà ìlú Ara, nítòsí Èjìgbò, ilẹ̀ pupa tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin àti Ṣàkírátù ń ti oko bọ̀. Ó pè mí. Yorùbá ló ń sọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò sì fẹ́ jí. Obìnrin kan tó fẹ́ ra ìkòkò ló jí mi.

Mo pe tíṣà lẹ́sìnnì láti ibí. Ó ní ẹjọ́ yín tọ́. Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ wá kí àwọn ọmọ sínú fóònù fífẹ̀ náà, kí ẹ béèrè ará ilé wọn, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn; òun yóò gba ohùn yín sílẹ̀. Ìyá mi, èmi náà kò mọ ìkíni kí ẹ tó kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Ṣàkírátù padà sí lẹ́sìnnì, kí ẹ sì kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọlọ́run yóò dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Mo ti ní kí tíṣà fi ohùn yín ránṣẹ́ sí èmi náà. Àárò yín ń sọ mí, mo fẹ́ dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Sádíátù