Bátìrì Tí Màmá Sá Sóòrùn

Festac Town,
Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè o. Ẹ kú òtútù, nítorí mo mọ̀ pé yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Leeds báyìí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé Mọ́mì ń rí oorun sùn, ṣé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ò wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù? Ní tiwa níhìn-ín, ara wa le koko. Màmá yín ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá mi wí bó ṣe yẹ. Ọlọ́hun lọpẹ́ yẹ.

Mo lè pè yín lórí fóònù kí n sọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé fóònù sétí, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń já lu ọ̀rọ̀ wa. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀ sí mi, Yorùbá ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi gbọ́ ọ. Níbi tí àmì ohùn bá ti ṣì mí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó.

Ẹ rántí àdéhùn wa. Ẹ ní bí oṣù Ọ̀wàrà bá parí tí n kò tíì rí iṣẹ́ gidi kan ṣe ní Èkó, ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, kí n padà wálé wá máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ. N kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ padà, Bàbá. Ilé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ mi lára ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni ilé-ìwé kan ní Amúwò, tí obìnrin kan tí à ń pè ní Àǹtí Mojísọ́lá dá sílẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde. Mo sọ fún wọn nípa ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí mo fi fómù kàn fúnra mi, tó ń fi bátìrì fò, tí mo máa ń dúró nílẹ̀ fi rìmóòtù darí. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Gbé e wá ní Sátidé. Kó fò lójú àwọn ọmọ, kí o sì ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn kó yé wọn, mi ò fẹ́ gírámà o. Tó bá fò, a jọ máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Tí ò bá fò, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kóówá á máa lọ sílé ẹ̀."

Ní Ọjọ́rú, mo gbé bátìrì méjèèjì tí ọkọ̀ náà ń lò jáde kí n fún wọn níná. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe irú ti tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí pẹlẹbẹ, ara wọn rọ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí yàrá mẹ́ta tí ṣájà gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò kí iná inú wọn lè dọ́gba. Mo so èkínní mọ́ ṣájà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́, ó ké pípípí, ó dáwọ́ dúró. Mo tún un ṣe, ó tún ké. Mo so èkejì, bákan náà ló rí. Mo nu ẹnu wáyà, mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Pípípí. Iná pupa kan ṣoṣo ló ń tàn lórí rẹ̀, kò sọ ohun tó ń ṣe é.

Níyìọlá, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bí sí Festac tí wọ́n sì tọ́ níbẹ̀, wá bá mi wò ó. Òun ló yá mi ní àdápútà tí mo fi ń fún ṣájà níná, nítorí ẹ̀rọ ńlá tí mo ń lò ní Leeds wúwo jù láti gbé wọ bàálù. Ó tẹ etí mọ́ ṣájà bíi dókítà, ó mi orí. Ó ní, "Hidaayah, bátìrì òyìnbó ò mọ Nẹ́pà. Àárò ilé ló ń sọ ọ́." Mo ní, "Dákẹ́ jàre, mú ọgbọ́n wá." Ó rẹ́rìn-ín tán, a wá jókòó rò ó. Bátìrì méjì kì í ṣe àìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ló yẹ ká fura sí. Ṣùgbọ́n a ò ní mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn iná, a sì pinnu pé a máa lọ ra ọ̀kan ní Mazamaza ní Ọjọ́bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí à ń jẹun, mo ṣáà sọ fún Màmá pé, "Bátìrì mi ò gba iná mọ́ o." Màmá ní, "Hùn." Ẹ̀yin náà mọ "hùn" Màmá. Ó yẹ kí n ti béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú bátìrì kan dání lọ sí Mazamaza kí a lè fi dán mítà wò kí a tó rà á, mo fi èkejì sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí mo fi máa padà dé, oòrùn ọ̀sán ti ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo bá Màmá ní bákónì, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n di ìgbálẹ̀ mú, wọ́n ń lé àwọn ẹyẹlé. Lórí páànù tó wà nísàlẹ̀ ojú bákónì, wọ́n ti gbé tíréè kan sí. Bátìrì rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà nínú ẹ̀, méjì, wọ́n tò ó. Bátìrì ọkọ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Inú Màmá dùn débi pé wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, wá wo ọwọ́ ìyá ẹ! Látàárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ti ń jẹun! Wò ó bó ṣe yó!"

Lóòótọ́ ló wú, Bàbá. Ó wú bíi pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù nínú epo gbígbóná. Bátìrì irú èyí, tó bá ti wú, èèyàn ò gbọdọ̀ fún un níná mọ́ láéláé, ó lè gbiná lójijì. Mo bẹ Màmá kí wọ́n sún sẹ́yìn, mo fi àkísà gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi í sínú garawa yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sílé. Màmá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, wọ́n ń bi mí pé, "Kí ló dé? Kí ló ṣe é?"

Mo rò ó bóyá kí n purọ́. Mo rò ó gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó lè jó ilé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi pamọ́ fún onílé. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe pé ó yó. Ooru ló ṣe é. Ó ti bàjẹ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú garawa náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Bátìrì rédíò bàbá bàbá ẹ ńkọ́? Gbogbo ìgbà la máa ń sá a, á sì tún máa sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ gan-an ló máa ń gun àpótí lọ tò ó sórí páànù." Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òótọ́ ni, oòrùn lè ta tọ́ọ̀ṣì àti rédíò jí fúngbà díẹ̀, àmọ́ èyí tèmi, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Màmá kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta omi tútù lọ́jọ́ náà. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: "Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́." Ó dùn mí ju bátìrì lọ.

Mo wá fi mítà wọn bátìrì tó kù. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Mo wọn àdápútà nígbà tí kò sí nǹkan lára rẹ̀: iná tó yẹ kó gbé jáde gẹ́lẹ́ ló ń gbé. Mo so ó mọ́ ṣájà, ṣájà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo tún wọ̀n ọ́n: ó ti wálẹ̀ wọ̀ọ̀! Àṣé àdápútà Wáìfáì ni Níyìọlá gbé fún mi. Mo sọ fún Màmá pé ó dà bí ìgbà tí téńkì omi ga gogoro, ṣùgbọ́n tí páìpù tó ń gbé omi sọ̀ kalẹ̀ tín-ínrín bíi sítírò. Àpótí Wáìfáì kì í mu púpọ̀, ó tó o. Òùngbẹ ń gbẹ ṣájà tèmi, ó bá páìpù tó gbẹ, ó ké. Gbogbo àìsàn náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dín bí ṣájà ṣe ń fa iná kù, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kígbe ayọ̀ ni Nẹ́pà mú iná. Títí a fi kírun àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò dá a padà.

Màmá ló wá bá mi ní yàrá. Wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n ní, "Ṣé bátìrì sólà ṣọ́ọ̀bù mi, páìpù ẹ̀ fẹ̀?" Mo ní, "Ó fẹ̀ dáadáa, Màmá, ṣájà lè mu lára ẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n fìríìsà yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Gbé ẹrù ẹ, ká máa lọ."

Báyìí la ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú lóúnjẹ ní Apple Junction. Màmá fọwọ́ ara wọn yọ wáyà fìríìsà kúrò lára sólà, mo so ṣájà mọ́ bátìrì sólà, mo gbé bátìrì tèmi sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìbòòji, n kò sì kúrò nídìí ẹ̀. Kò ké rárá. Oníbàárà kan dé, ó ní, "Alhaja, omi tútù dà?" Màmá ní, "Omi tútù lọ sílé-ìwé. Mu èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dáa fún ikùn." Àlàájì Rùfáì, tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, na ọrùn wò wá. Wọ́n ní, "Alhaja, ẹyẹ yín yìí ò lẹ́nu, báwo ló ṣe ń jẹun?" Màmá ní, "Ìdí ló fi ń jẹ ẹ́, bíi tiyín tẹ́ ẹ jókòó sórí àpò ìrẹsì látàárọ̀." Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo tó rí eyín Màmá látìgbà tí bátìrì ti wú.

Ní Sátidé, Màmá tẹ̀ lé mi lọ sí pápá ilé-ìwé. Mo ṣe bísímílà, mo ju ọkọ̀ sókè. Ó rì díẹ̀, àwọn ọmọ ní "Yéè!", ó sì gbérí. Bàbá, ó lọ! Ó yí po lórí òrùlé kíláàsì, afẹ́fẹ́ tì í, mo fà á padà, ó sì balẹ̀ sínú koríko bí ẹni tó fara balẹ̀ jókòó. Àwọn ọmọ ń pariwo pé, "Lẹ́ẹ̀kan sí i! Lẹ́ẹ̀kan sí i!" Iná ti tán. Àǹtí Mojísọ́lá wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìyẹn náà nìyẹn?" Ó yẹ kí n sọ ìdí tí kò fi sí bátìrì kejì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tú Màmá fó ní gbangba.

Màmá dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó. Bátìrì kejì wà nínú yẹ̀pẹ̀ nílé. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni mo sá a sóòrùn bí èlùbọ́. Ta ló wà níbí tí ìyá ẹ̀ ti sá bátìrì rí?" Ọwọ́ ló kún òkè! Ọmọbìnrin kan ní ìyá àgbà òun máa ń sá ti rìmóòtù. Òmíràn ní, "Dádì mi máa ń gé tiwọn jẹ!" Màmá ní, "Ó dáa. Ta ló mọ ìdí tí tèmi fi wú?" Màmá kọjú sí mi. "Àṣàkẹ́, sọ ohun tí o sọ fún mi fún wọn."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti yàrá mẹ́ta, ti ooru, ti téńkì àti páìpù, mo fi mítà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí tí àwọn òbí fi ń dúró ní géètì. Àǹtí Mojísọ́lá ní, "Mo rí ọkọ̀ tó fò, ó dáa. Àmọ́ ọmọ tó kọ̀ láti lọ sílé ní Sátidé, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọjọ́ Ajé, kí o wá bẹ̀rẹ̀. Alhaja, ẹ̀yin náà, ẹ máa yà sọ́dọ̀ wa o." Màmá ní, "Ọjọ́ Ajé, mo lọ́jà. Ọjọ́bọ̀ ni mo ráyè."

Nítorí náà, Bàbá mi, mo ti ríṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n dúró. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Kí ẹsẹ̀ yín má yọ̀ lórí yìnyín. Kí ẹ̀yin àti Mọ́mì pẹ́ láyé jẹ èrè wa. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sókè sí wọn létí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ bọ̀wọ̀ fún yín,
Hidaayah Àṣàkẹ́.

Àfikún: Màmá jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi mọ́. Wọ́n ní tiyín ni kí ẹ rà.