Kèké Mẹ́jọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gé

Èmi, aránṣọ tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí Alàgbà Téèpù, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn, ní àárọ̀ yìí mo ṣírò aṣọ akọrin mọ́kànlélógún láìmú bírò, ìṣirò mi sì bá ti ọmọ mi mu dórí íńṣì kan. Ọkàn mi ni dókítà sọ pé ó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń mú mi gbọ̀n bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo rí nínú àpótí mi ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni, ẹ ó sì kà á ní ìpín kẹrin.

Àkọ́bí mi obìnrin àti akọ̀wé ìjọ ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Mo yan méjì nítorí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣàánú mi, kí ó sì fo ìpín náà.

1. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo ń gbé: yàrá méjì ti iwájú fún àkọ́bí mi, méjì ti ẹ̀yìn fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ti ẹ̀yìn fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ṣùgbọ́n òrùlé ibẹ̀ ń jò. Mo ti wò ó, wọ́n dọ́gba. Kí wọ́n má jà.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ fún àkọ́bí mi, nítorí òun nìkan ló máa ń fi epo sí i láìjẹ́ pé mo pariwo. Ayọọ̀nù eléèédú fún ẹni tó bá lè gbé e.

3. Adìyẹ mọ́kànlá fún àwọn obìnrin akọrin tí wọ́n tọ́jú ìyàwó mi nígbà àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló ni adìyẹ. Mo kàn ń bọ́ wọn ni.

Ìyàwó mi ní àbúrò ọkùnrin kan, Wẹ́dà, tó ń jó irin ní òpin àdúgbò wa. Mo ti lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà mi. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́ onídèérí, yóò sì jáde bí ẹni tó ń lọ kí aláìsàn. Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń ka ẹran inú ìkòkò. Ẹran méjì lọ́sẹ̀ kan, fún ọdún mẹ́rìndínlógún: 1,664. Òfò ni mo ń pè é nígbà náà. Ìfẹ́ ni, mo kàn kọ ọ́ sí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

4. Ìpín yìí kì í ṣe fún àwọn ọmọ mi. Fún ìjọ ni. Kí wọ́n kà á sókè ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó gbé òkú mi wọlé, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Olùṣọ́ àgbà tó dá ìjọ wa sílẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Alàgbà mẹ́jọ ni wá. A fẹnu kò pé kèké ni a ó ṣẹ́, kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò darí wa. Orúkọ mẹ́jọ, ìwé mẹ́jọ, àpò kan. Àdéhùn wa ni pé bí a bá ti fa ọ̀kan yọ, a ó sun àwọn yòókù láìtú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sọ pé ó kù díẹ̀ kó kan òun. Wẹ́dà, tí òun náà jẹ́ alàgbà, ló di àpò mú. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ.

Orúkọ ara mi ni mo kọ sórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Mo rò ó dáadáa kí n tó ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó mọ ìṣirò ni ìjọ nílò. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìjọ, mo ti ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sórí rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run kò ní bínú sí ẹni tó bá a dín wàhálà kù.

Olùṣọ́ àgbà ki ọwọ́ bọ àpò, ó tú ìwé, ó gbé e sún mọ́ ojú. Mo ti dìde dúró, mo ti ń tún kọ́là mi ṣe. Ó sì ka orúkọ Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìjọ. Kì í ṣe alàgbà, a kò sì dá orúkọ rẹ̀. Mo wà lórí ìdúró, n kò lè jókòó. N kò sì lè sọ pé irọ́ ni, nítorí ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Kí n tó mí, wọ́n ti da gbogbo ìwé náà sínú iná, àti èyí tó fà yọ.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ẹnì kan ló ti ju ìwé kẹsàn-án sínú àpò. Ta ló di àpò mú? Ẹ̀yìnkùlé ta ni Jẹ́jẹ́ ń gbé? Ti Wẹ́dà. Ní ọjọ́ kẹta mo fẹ̀sùn kàn án níwájú àwọn alàgbà. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí mi ni?” Olùṣọ́ àgbà ní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ìdí tí ọwọ́ òun fi mú ìkẹsàn-án. Nítorí náà Jẹ́jẹ́ di Olùṣọ́. Wọ́n yọ Wẹ́dà kúrò ní ipò alàgbà, orí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló sì ń jókòó láti ìgbà náà títí di òní.

Ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, mo ń wá ìwé ilẹ̀ nínú àpótí páánù mi. Mo rí ààbọ̀ tákàdá kan. Àlùmọ́gàjí mi ló gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mọ gígé ọwọ́ mi. Yíǹkì dúdú ni akọ̀wé fi kọ iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí i, ìlà mẹ́jọ, orúkọ Jẹ́jẹ́ nìkan ló sì wà lórí ìlà karùn-ún. Nígbà náà, akọ̀wé máa ń kọ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí tákàdá kan, lókè àti nísàlẹ̀, kí a lè gé e: ọ̀kan fún ara ògiri, ọ̀kan fún fáìlì. Òkè ló wà lọ́wọ́ mi. Ìsàlẹ̀ ni mo gé sí mẹ́jọ. Kí n má baà ra ìwé tuntun tí owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan, ẹ̀yìn ìwé ìgbálẹ̀ ni mo kọ kèké Ọlọ́run sí. Pẹ́ńsùlù ni mo sì lò, torí bírò mi ń tán lọ. Ojú Olùṣọ́ àgbà kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ó rí yíǹkì, kò rí pẹ́ńsùlù.

Kò sí ìwé kẹsàn-án. Wẹ́dà kò ju nǹkan kan sínú àpò.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá. Ìwé kan nínú mẹ́jọ, ojú kan nínú méjì: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìṣirò kọ́ ló ń mú mi gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ Wẹ́dà ló ju ìwé, èèyàn ni ì bá borí mi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò yá ọwọ́ ẹlòmíì lò. Ọwọ́ olè náà gan-an ló lò, àti ìwà ahun rẹ̀. Mo ti sé gbogbo ọ̀nà mọ́ ọn, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, láìmọ̀ pé èmi ni mo ń gé ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé.

Lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà yẹn ni Jẹ́jẹ́ gbẹ́ kànga sí. Ní ọdún tí omi ẹ̀rọ dá fún oṣù márùn-ún, mo dúró níbẹ̀, mo ka garawa: 312 ní ọjọ́ kan. Inú ń bí mi bí mo ti ń kà á. Èmi ni mo sì gbé méjì nínú wọn.

Mo mú tákàdá náà lọ bá Jẹ́jẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kọ ipò sílẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bàbá, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ọjọ́ tí mo ṣíwọ́ rẹ̀ ni?” Òótọ́ ni. Ní gbogbo Sátidé, òun ló ṣì ń gbá ilé ìjọ. Lẹ́yìn náà ó dá tákàdá padà fún mi. “Ilé mi kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, bàbá.”

5. Ọmọ mi ọkùnrin, mo gbọ́ pé wọ́n ń dá orúkọ rẹ nígbà tí Jẹ́jẹ́ bá fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún ọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò ná mi ní kọ́bọ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ọ, alàgbà mẹ́jọ kò lè dá a dúró. Bí kò bá fẹ́ ọ, ìwé mẹ́jọ kò tó. Ipò náà ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ kàn ń bá a tọ́jú ilé ni.

6. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fún Wẹ́dà. Mo gbìyànjú láti ṣírò iye tí ọdún mọ́kàndínlógún jẹ́. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Àfikún, ní ọjọ́ kan náà, kí n tó buwọ́ lùwé. Mo ránṣẹ́ pe Wẹ́dà, ó wá. Mo ka ìpín kẹrin àti ìkẹfà sí i létí. Kò jókòó, kò sì pariwo. Ó béèrè àwọn tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé ní oníbúrẹ́dì àti aládùúgbò kan. Ó ní kí wọ́n fi aládùúgbò sílẹ̀, òun ni yóò ṣe é. Akọ̀wé ṣàlàyé fún un pé òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí jogún nínú ìwé tó buwọ́ lù.

“Ẹ fi ìlà pa ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́.”

Mo ní kí ó fara balẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú títì, owó rẹ̀ pọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi ṣírò. Ìwé tó sọ pé n kò jí nǹkan kan ṣe, èmi ni mo fẹ́ dúró tì í títí wọn ó fi buwọ́ lù ú, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.”

Nítorí náà, mo fagi lé ìpín kẹfà. Ṣọ́ọ̀bù di ti àkọ́bí mi. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń rà, tí mo ń tà, n kò tíì rí ẹni tó san iye báyìí láìdúnàádúrà. Bí ìbuwọ́lù mi bá wọ́, kì í ṣe pé orí mi kò pé. Wẹ́dà ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi bí mo ti ń kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021.

Ìbuwọ́lù: Alàgbà Téèpù, aránṣọ.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oníbúrẹ́dì, òdìkejì ọ̀nà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Wẹ́dà, àbúrò ìyàwó rẹ̀.