Abọ́ Tí Mo Fi Wẹ Ojú Bàbá Rẹ

Abibo, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Olúwa kí ó kárí ìwọ àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Damásíkù. Mo gbà á ládùúrà pé koko lara yín le. Eékún ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O ti gbọ́ pé àwọn aláṣẹ ò fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kankan nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àṣẹ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Mádábà. Àwọn àgbà ìjọ ní kí á fọwọ́ ara wa yọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà wá fi àáké yọ ọ́ fún wa. Oorun dá lójú mi. O mọ̀ pé bàbá rẹ wà nínú àwòrán tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń ká èso láàárín ọgbà àjàrà, tí orúkọ rẹ̀, Kayumu, sì wà lókè orí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ kí i.

Elia tó to ilẹ̀ náà ni wọ́n tún pè. Ọlọ́run yóò bá mi bù kún un. Ó ní òun á yọ òkúta ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á dà wọ́n rú, òun á sì tún tò wọ́n padà síbi tí wọ́n wà. Kò ní sí ojú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa kúrò nílé Ọlọ́run. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Elia, bí ẹyọ kan bá sọ nù, èmi àti ìwọ la jọ máa wá a délé ìyá ẹ." Ó ní, "Ìyá Abibo, ẹ jẹ́ n mí. Bàbá gan-an ò yọ mí lẹ́nu tó báyìí nígbà tí mò ń to imú wọn." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó kó àwọn òkúta náà sínú abọ́, ó ní kí n bá òun fọ ẹfun àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kúrò lára wọn. Abibo, èmi ni mo wẹ ojú bàbá rẹ nígbà tó kú, tí ọ̀nà jìn fún ọ láti dé. Mo tún wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́, irùngbọ̀n, ètè. Obìnrin mélòó ni Ọlọ́run ṣe irú oore yìí fún? Mo ń dúpẹ́ títí ọwọ́ mi fi hunjọ nínú omi.

Àlejò tó bá wọlé báyìí yóò rò pé ẹ̀wà ló dà sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í tẹ ibẹ̀.

Ọlọ́run tó ṣọ́ òkúta wọ̀nyí yóò ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. Ìwọ ni wàá sin mí.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Matrona.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òkúta dúdú tó wà nínú aṣọ tí mo dì mọ́ lẹ́tà yìí, ẹyinjú ọ̀tún bàbá rẹ ni. Elia wá a títí, mo sì bá a wá a. Ọ̀nà ni bàbá rẹ ń wò tó fi kú, bóyá yóò rí ọ. Jẹ́ kó rí ọ dáadáa. Ààyè rẹ̀ ṣì ṣófo nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ ni kí o gbé e wá.