Kóòtù Tó Ń Sinmi Ju Bàbá Rẹ Lọ

Ìbàdíàrán, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o sì ń jẹun kánú? Ara wa le, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn. Àìsàn kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Kóòtù onírun àgùntàn tí o bọ́ lọ́rùn ara rẹ fún mi nítorí òtútù ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, o kò ní ṣaláìní aṣọ láé. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ka ìwé òyìnbó tó bá a wá fún wa. Ẹ̀wù yìí kẹ́ra ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ! Wọ́n ní tí a bá fọ̀ ọ́, a kò gbọdọ̀ fún omi ara rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi kọ́, ibi pẹrẹsẹ ni ká tẹ́ ẹ sí, tí a bá sì wọ̀ ọ́ lónìí, kó sinmi lọ́la. Mo bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ ní láti èwe lòun ti ń roko, kò síwèé tó ní kóun sinmi lọ́la. Orí ẹní ló ń sùn báyìí, mo ti ń bẹ̀ ẹ́.

Òun ló kọ́kọ́ ní ká sè é kí kòkòrò ara rẹ̀ kú. Aránṣọ ló gbà wá, ó ní ìyàwó òun fomi gbígbóná fọ irú rẹ̀ rí, ó sún kì, ó le gbagidi, ọmọ-ọmọ wọn ló ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Ìwé tún ní tó bá ń rùn, ká gbé e sí atẹ́gùn. Mo ní ó tì o, òórùn ìpara rẹ ló wà níbẹ̀, tí mo bá ti wọ̀ ọ́, ó dà bíi pé o jókòó tì mí. Ìjọ́ tí o pè, mo gbé fóònù sí ọrùn kóòtù kíwọ náà lè gbọ́ òórùn rẹ̀.

Lánàá, mo toko dé, mo bá kóòtù níta lórí àga, bàbá rẹ ń gbọn ọ́n, ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo sáré ki imú bọ̀ ọ́. Kò rùn mọ́, àfi díẹ̀ nínú àpò òsì. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bàbá rẹ wá abẹ́rẹ́, ó rán ẹnu àpò náà pa kí èyí tó kù má baà jáde, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun náà kọ́kọ́ ki imú bọ̀ ọ́.

Owó ọṣẹ tí a ó fi máa fọ kóòtù yìí, tí mo fẹ́ bèèrè, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọ ọkọ̀ wá. Wá wọ kóòtù yìí, kó o rìn nínú rẹ̀, kó o sùn nínú rẹ̀, kó o wá bọ́ ọ fún mi. Bàbá rẹ ní òun á tú àpò náà fúnra òun.

Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ibi tó o bá wọ̀, wọn kò ní lé ọ jáde.

Èmi ìyá rẹ ni, tó wọ kóòtù kọ lẹ́tà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òní ló yẹ kó sinmi.