Omi Ti Pọ̀ Jù Ní Ìdí Tòmátì

Àrẹ̀mọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà, à ń jẹ, à ń mu, orúnkún tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòmátì ẹ̀yìnkùlé nìkan ló fẹ́ sọ mí di wèrè.

O ṣèlérí fún mi lórí fóònù pé tí tòmátì yìí bá ti pọ́n, o máa wálé wá jẹ ẹ́. Ohùn rẹ gba gbogbo ilé kan lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí o ti fi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá rẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì búra pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ nínú ilé yìí mọ́, ìlérí yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Àfi bó ṣe jẹ́ pé ewé ló ń pọ́n, èso ò pọ́n, ìdí rẹ̀ sì ń rà.

Mo ṣe bí o ṣe wí, mo ya fọ́tò rẹ̀ kí onímọ̀ ọ̀gbìn inú fóònù lè wò ó. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ nu ojú ewé kọ̀ọ̀kan, torí èèyàn kì í gbé aláìsàn lọ bá dókítà láìwẹ̀ fún un. Fóònù ní kí n jẹ́rìí ná pé èèyàn ni mí, n kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó bí mi nínú. Èmi tí mo bímọ! Síbẹ̀ mo jẹ́rìí, mo sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Nǹkan kan wá ń yí po lójú rẹ̀, aránṣọ ilé kejì ní ó ń ronú ni, ni mo bá gbé àpótí wá jókòó tì í, mo fi gèlè bò ó kí oòrùn má pa á. Ìgbà tó máa fèsì, ó ní omi ti pọ̀ jù. Mo ní irọ́ ni! Ike omi kan péré ni mò ń bù sí i láàárọ̀. Aránṣọ ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Ṣé èmi wá ni mò ń purọ́? Mo dín omi kù, ẹrẹ̀ ò lọ. Mi ò tiẹ̀ wá bomi rin ín mọ́ rárá, ilẹ̀ ṣì ń tutù. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jí ní kùtùkùtù, mo gba ẹ̀yìnkùlé, ta ni mo bá? Bàbá rẹ, wọ́n lóṣòó ti tòmátì pẹ̀lú garawa omi. Mo ní kí lẹ ń ṣe níbí? Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn làwọn ń fọ̀. Mo wo ẹsẹ̀, bàtà wà ní ẹsẹ̀. Mo ní ṣé ibí lẹ ti ń fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ ni? Wọ́n ní àti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Wọ́n wá rọra bi mí pé ìgbà wo gan-an ni tòmátì máa ń pọ́n. Orí mi dàrú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún lónìí, kí wọ́n fọ tòsì lọ́la. Wọ́n gbà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún fóònù, torí kò bi mí léèrè ọkọ.

Ilẹ̀ ti ń gbẹ báyìí, ewé tuntun ti ń yọ, ọ̀kan nínú èso náà sì ti ń pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àga rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, bàbá rẹ ti tún un ṣe, wọ́n fá a títí ó fi ń dán. Mo bi wọ́n pé ta ló fẹ́ jókòó sí i, wọ́n ní tòmátì ni. Ọmọ mi, ṣé o rí i pé nǹkan ń ṣe wọ́n?

Mo fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ bí mo ti máa ń ṣe, torí bàtà mi ti já. Àmọ́ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ, fi wọ ọkọ̀ wálé kí èso yìí tó rà mọ́ wa lójú. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Bí o bá dé, ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà. Bàbá rẹ yóò wà níbẹ̀, wọn yóò ní ẹsẹ̀ àwọn làwọn ń fọ̀. Má bá wọn jiyàn. Bá wọn gbé garawa.

Èmi ni,
ìyá rẹ.